Bí Mo Ṣe Ki Oríkì Gba Bọ́sárì ní Ọ̀jọ́

Ẹ jẹ́ kí n fo ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó gbé mi wá sí Èkó. Ó gbéra, ó dúró káàkiri, ó dé. Ìtàn tèmi bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí mo jáde nínú yàrá tí mo gbà ní Ìbà, tí mo forí lé yunifásítì ní Ọ̀jọ́, tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé.

Nílé wa, ẹni tó bá jáde láàárọ̀ tí kò kí ènìyàn, wọ́n á ní ara rẹ̀ ò yá, tàbí kí wọ́n ní ó ti ṣe nǹkan tí kò fẹ́ kí wọ́n bi òun. Mo kí oníbúrẹ́dì. Mo kí ọkùnrin tó ń lẹ táyà. Mo kí àwọn obìnrin tó ń gbálẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù wọn. Àwọn kan wò mí, àwọn kan ò wò mí. Nígbà tí mo dé oríta Òkokomáíkò, bàbá arúgbó kan dúró lẹ́bàá títì, ó wọ agbádá funfun, irun rẹ̀ náà funfun. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yanrìn.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá."

Bàbá náà sún sẹ́yìn, ó sì fi ọwọ́ bo àpò rẹ̀.

"Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, Sà. Mo kan ní kí n kí yín ni."

"O kan ní kó o kí mi." Ó wo ẹ̀yìn ara rẹ̀ bóyá ẹnì kejì mi wà níbẹ̀. "Dìde, dìde. Mi ò ní ṣéńjì."

Kí n tó kí gbogbo ọ̀nà náà tán, wọ́n ti parí kíláàsì àkọ́kọ́. Nígbà tó yá, mo kọ́ láti máa fi ojú kí ènìyàn, lẹ́yìn náà mo kọ́ láti máa fi àgbọ̀n kí wọn, nígbà tó di ọdún kejì mo ti ń kọjá lára ènìyàn bí ẹni tó ń kọjá lára òpó iná. Mo rò pé mo ti gbọ́n nìyẹn. Nísinsìnyí tí mo ti darúgbó, mo mọ̀ pé ara mi ni ò yá.

Ìtàn ni mo wá kọ́ ní yunifásítì. N kì í ṣe ọmọdé nígbà yẹn. Mo ti ṣe tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílé kí n tó wá, nítorí náà àwọn tí a jọ ń jókòó ní kíláàsì ń pè mí ní Bọ̀ọ̀dá. Bí wọ́n bá fẹ́ yá bírò, wọ́n á pè mí ní Bàbá. Nígbà tí mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé wa bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní òun ò ní tíì fi ẹlòmíràn sí àyè mi o, torí Èkó ò ní pẹ́ dá mi padà. Ó sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́. Ìfẹ́ yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Mo wá iṣẹ́ sí bárékè àwọn ológun ní Ọ̀jọ́, mò ń kọ́ àwọn ọmọ sájẹ́ńtì kan ní lẹ́sìnnì. Bàbá àwọn ọmọ náà á dúró sẹ́nu ọ̀nà bí òpó, á ká ọwọ́ sẹ́yìn.

"Tíṣà! Ọmọ yìí mọ ìṣirò àbí kò mọ̀ ọ́n?"

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo sọ òótọ́, mo ní kò tíì mọ̀ ọ́n. Ó ní kí èmi àti ọmọ náà dìde dúró ṣánṣán, ó sì bá àwa méjèèjì wí. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọmọ tí kò mọ ìṣirò mọ́ nínú ilé yẹn.

Owó lẹ́sìnnì náà ń bọ́ mi. Ẹ̀bà ni mò ń jẹ, mo sì ń yó. Àmọ́ ebi kan wà tí ẹ̀bà kì í lé, òun ni ebi ohùn ilé. Lọ́jọ́ kan, ní ọjà Alábà, mo gbọ́ tí obìnrin kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi, ó sì fa ìparí ọ̀rọ̀ náà gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe ń fà á nílé wa. Mi ò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. A ti ibi tí wọ́n ń ta rédíò dé ibi tí wọ́n ń ta fáànù. Ló bá yíjú padà.

"Kí ló dé tó o fi ń tẹ̀ lé mi?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ ṣáà máa sọ̀rọ̀ lọ."

"Ẹ gbà mí o!"

Ọmọ Ìgbò kan tó ni ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ jáde wá, ó dúró láàárín wa. "Ọ̀gá, wetin you dey find?"

Mo ní ìlú mi ni mò ń wá. Ó rò ó wò dáadáa, bí oníṣòwò tí kò fẹ́ kí oníbàárà lọ lọ́wọ́ òfo.

"Dat one no dey dis line," ó ní. "Try back."

Ṣé ẹ rí i, kì í ṣe ìlú òyìnbó ni mo lọ. Ènìyàn lè ti ilé wa jáde láàárọ̀ kó sì sùn sí Ọ̀jọ́. Àmọ́ ìdálẹ̀ ni ìdálẹ̀ ń jẹ́. Yanrìn ibẹ̀ ń wọ inú bàtà mi lọ́nà tí iyẹ̀pẹ̀ ilé kì í gbà wọ̀ ọ́. Omi ibẹ̀ ń dun iyọ̀. Gbogbo ènìyàn ló sì ń bi mí pé ará ibo ni mí, tí mo bá dárúkọ ìlú wa, wọ́n á ní, "Ó dáa," bí ẹni tí wọ́n dárúkọ oògùn fún.

Ọ̀rọ̀ pé ará ibo ni mí yìí gan-an ló fẹ́ gba ìwé lọ́wọ́ mi.

Owó ilé-ìwé kì í ṣe ohun tí lẹ́sìnnì lè san. Bọ́sárì ni mo gbójú lé, ìyẹn owó tí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń fún àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì. Lọ́dún àkọ́kọ́, ìpínlẹ̀ wa fún mi láìbi mí ní ìbéèrè kankan. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba àpapọ̀ pín ìpínlẹ̀ wa sí méjì. Wọ́n wá ibi tí wọ́n máa fa ààlà gbà, wọ́n sì rí odò kan. Odò náà ló wà láàárín ìlú bàbá mi àti ìlú ìyá mi.

Mo ní láti ṣàlàyé èyí kó lè yé yín. Bàbá mi kú nígbà tí mo ṣì wà lẹ́yìn ìyá mi. Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyá mi bá ìyálé ilé wa jà, ìyẹn ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà. Ìyá mi pọ̀n mí, ó di ẹrù, ó sọdá odò padà sí ìlú tirẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì dàgbà sí. Ohun tí wọ́n jà sí, ẹnì kan ò sọ fún mi rí. Bí mo bá bi ìyá mi, á ní, "Jẹun rẹ."

Nígbà tí àwọn bọ́ọ̀dù ìpínlẹ̀ àtijọ́, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń pín bọ́sárì, dé sí yunifásítì, wọ́n wo orúkọ ìlú bàbá mi, wọ́n ní kí n lọ bá àwọn ènìyàn mi. Mo ní ọ̀dọ̀ yín ni mo dàgbà sí. Wọ́n ní ibi tí ènìyàn dàgbà sí yàtọ̀ sí ibi tó ti wá. Ilé-ìwé ti lẹ ìkéde mọ́ ògiri pé ẹni tí kò bá sanwó kò ní jókòó ṣe ìdánwò. Àyè tí ọ̀gá ilé-ìwé wa fi pamọ́ dè mí bẹ̀rẹ̀ sí í hàn sí mi lójú oorun.

Onílé mi ní Ìbà, Bàbá Sùlé, ọmọ bíbí Ọ̀jọ́ ni. Àwórì pọ́ńbélé ni wọ́n. Wọ́n rí i pé mi ò jẹun dáadáa mọ́, wọ́n bi mí, mo sì sọ fún wọn. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Nǹkan tó ń pa ọ́ nìyẹn? Ṣebí Èkó náà ń fún àwọn ọmọ tiẹ̀ ní bọ́sárì. Máa jẹ́ ọmọ mi."

"Ẹ ṣé, Sà. Ṣùgbọ́n wọ́n á mọ̀."

"Ta ló máa mọ̀? Èmi fúnra mi ò mọ gbogbo wọn tán." Wọ́n rò ó síwájú díẹ̀. "Ó ku nǹkan kan ṣá. Ọmọ Àwórì tí kò lè tukọ̀, ta ló máa gbà á gbọ́?"

Bí wọ́n ṣe mú mi lọ sí etí omi ní Ọ̀jọ́ nìyẹn, wọ́n gbé mi sínú ọkọ̀ ojú omi kékeré kan, wọ́n fún mi ní àjẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja wà nítòsí. Mo tẹ àjẹ̀ náà bọ omi, ọkọ̀ náà yí po. Mo tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ọ́ lódìkejì, ó tún yí po lọ́nà kejì. Ọkọ̀ náà ń yí bí ajá tó fẹ́ dùbúlẹ̀. Bàbá Sùlé ń pariwo pé kí n wo iwájú, àmọ́ iwájú ò dúró sójú kan. Lẹ́yìn ìyẹn, mo rí ara mi nínú omi tó mù mí dé ìdí. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ti jókòó sílẹ̀ nítorí ẹ̀rín.

"Jáde nínú omi yẹn," Bàbá Sùlé ní. "Padà sọ́dọ̀ àwọn bàbá ẹ. Mi ò lè bí ọmọ báyìí."

Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, aṣọ mi ń kán. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ọkùnrin kan tí kò mọ̀ mí rí fẹ́ fi ara rẹ̀ ṣe bàbá mi ní ọ̀sán gangan, lójú gbogbo etí omi. Èkó tí mo sọ pé kì í kí ènìyàn yẹn náà ni.

Kò pẹ́ sígbà náà, àwọn bọ́ọ̀dù ìpínlẹ̀ tuntun wá, wọ́n sì jókòó sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan nínú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìbà. Alága wọn jẹ́ ìyá àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, ó wọ ìró àti bùbá, ó fi dígí sójú. Màmá Alága ni gbogbo wa ń pè é. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó de táì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú kálàmù.

A tò sí ẹnu ọ̀nà, a ń gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú. Màmá Alága ò bìkítà nípa ìwé ẹ̀rí ọmọ ìlú. Ó ní ìpínlẹ̀ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé ni, gbogbo ẹni tí ebi ń pa ló sì ti fẹ́ jẹ́ ọmọ rẹ̀. Ó ní lánàá, ẹni méjì mú ìwé ẹ̀rí wá láti ìlú tí kò sí. Ohun tó ń sọ fún oníkálukú ni pé, "Ki ara rẹ," ìyẹn ni pé kí olúwarẹ̀ ki oríkì orílẹ̀ ilé bàbá rẹ̀ kí òun gbọ́. Ọkùnrin tó wà níwájú mi ní òun ti gbàgbé tòun, àmọ́ òun lè kọ orin ilé-ìwé tí òun lọ nílùú náà. Wọ́n ní kó kọ ọ́. Orin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ló kọ.

Ọkàn mi balẹ̀. Oríkì kè? Àràárọ̀ ni ìyá mi ń kì mí, bí mo bá ti dọ̀bálẹ̀ kí i. Mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀ kí i, mo kúnlẹ̀, mo gbẹ́nu lé e:

"Ọmọ odò tí í ṣàn tí kì í dágbére,
Ọmọ a-fi-ọ̀pẹ-ṣe-afárá,
Ọmọ a-rí-àlejò-wẹ-ẹsẹ̀-fún-un..."

Màmá Alága di ojú, ó ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tí mo parí, ó la ojú.

"Ó dùn," ó ní. "Ó dùn gan-an. Ìyá rẹ mọ̀ ọ́n kì. Ṣùgbọ́n oríkì àwọn ará òdìkejì odò nìyẹn. Tilé bàbá rẹ dà?"

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí láàárọ̀, tí mo rò pé èmi ni. Mi ò mọ̀ pé ara rẹ̀ ni ìyá mi ń kì, tó ń fi bò mí bí ìborùn.

"Mi ò mọ òmíràn, Mà."

"Nígbà náà lọ bá àwọn òdìkejì."

"Wọ́n ti lé mi, Mà."

Ó wò mí lókè dígí rẹ̀. "A wà níbí títí di ọjọ́ Jímọ̀ọ̀," ó ní. Ọ̀dọ́kùnrin onítáì náà ti ń pe ẹni tó kàn.

Tẹlifóònù tí mo máa ń lò wà ní Òkokomáíkò, lọ́wọ́ obìnrin Ìjẹ̀bú kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Ṣadé. Ó fi páákó yí tẹlifóònù náà ká bí ilé ìwẹ̀, ó gbé aago kan kọ́ sókè orí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ó sì jókòó síbi tó ti lè rí aago náà. Nílé, tẹlifóònù kan ṣoṣo ló wà, nínú pálọ̀ bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ rí, Bàbá Póòsì, ní ìlú bàbá mi. Ènìyàn á kọ́kọ́ pe Bàbá Póòsì, wọ́n á ránṣẹ́ sọdá odò sí ìyá mi, èèyàn á sì tún pè lọ́jọ́ kejì. Ìyá mi máa ń wá, á gba ẹ̀yìn ìlú wọlé kó má bàa kọjá níwájú ilé bàbá mi.

Ìyá mi gbà gbọ́ pé agbára ohùn ló ń ti ọ̀rọ̀ dé Èkó. Gbogbo ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù Màmá Ṣadé ló ń gbọ́ ọ. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ó ké mọ́ mi.

"Oríkì tí mo kì ọ́, kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Ìyá mi. Tiyín ni."

"Ta ló pọ̀n ọ́?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ta ló rán ọ nílé ìwé?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá mi. Ẹ jọ̀ọ́, aago ń lọ. Ta ló mọ tilé bàbá mi?"

"Obìnrin yẹn."

"Obìnrin wo?"

"Obìnrin yẹn náà."

Nílé wa, àwọn ìyàwó ilé ló ń tọ́jú oríkì. Àwọn ọkùnrin ló ni ín, àmọ́ wọn kì í mọ̀ ọ́n. Àwọn yòókù tó mọ tiwa ti kú tán, Ìyá Àgbà nìkan ló kù. Mi ò lè bẹ ìyá mi pé kó lọ. Kò tíì tẹ ẹnu ọ̀nà ilé yẹn láti ìgbà tí mo wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Bí o kò bá rí i," ó ní, lọ́tẹ̀ yìí kò pariwo, "wàá padà wálé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Wàá fi ìwé náà sílẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá mi."

"Tún pè lọ́la," ó ní, ó sì gbé e kalẹ̀ kí n tó dúpẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án, Bàbá Póòsì ló gbé e. Ohùn wọn ò lọ sókè.

"Àwọn méjèèjì ti wà ní pálọ̀ mi. Wọ́n jókòó bí ẹni tó ń dúró de adájọ́. Jọ̀ọ́, tètè ṣe é."

Ẹlòmíràn gba tẹlifóònù náà. "Akọ̀wé!"

Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ. Ó gbọ́dọ̀ fún un ní orúkọ tirẹ̀. Mi ò mọ̀ pé Ìyá Àgbà ti fún mi ní orúkọ kan, tó sì ń pè mí bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, nígbà tí mi ò sí níbẹ̀ láti jẹ́ ẹ.

"Ẹ káàsán, Ìyá Àgbà."

"Káàsán, ọkọ mi. Ìyá rẹ wà níbí. Kó jáde kí n tó la ẹnu mi."

Mo gbọ́ ohùn ìyá mi lẹ́yìn: "Mò ń jáde lọ. Kì í ṣe ilé rẹ ṣá."

"Kì í ṣe tìẹ náà!"

"Tèmi ni," Bàbá Póòsì ní.

Ilẹ̀kùn kan ké, ó sì pa dé. Ìyá Àgbà wúkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀. Mo ti gbọ́ àwọn tó ń fi oríkì gbowó lọ́wọ́ olówó, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ irú ohùn yẹn rí. Ó ń lọ bí ẹni tó ti ń dúró láti ọjọ́ pípẹ́ kí ẹnì kan béèrè. Mò ń kọ ọ́ bí mo ṣe ń gbọ́ ọ, mi ò ráyè rò ó. Ní ṣọ́ọ̀bù, ohùn rẹ̀ dé etí àwọn tó ń dúró de tẹlifóònù. Ọkùnrin kan ní kí wọ́n má dá a dúró, kó kì í parí. Màmá Ṣadé ń fi etí ìró nu ojú, ó ní òun rántí ìyá òun ní Ìjẹ̀bú. Ó sunkún dáadáa. Àmọ́ kò gbé ojú kúrò lára aago.

Mo há a sórí lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì tún kà á fún Bàbá Sùlé láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ọ̀. Wọ́n ní ó dára, wọ́n ní ó jọ oríkì. Mo lọ.

"O ti rí bàbá rẹ?" Màmá Alága ní.

"Mo ti rí wọn, Mà."

"Ki ara rẹ."

Mo kúnlẹ̀.

"Ọmọ alágbẹ̀dẹ òkè ìrì,
Ọmọ a-jí-rọ-ọkọ́-kí-ìlú-ó-tó-jí,
Ọmọ a-rọ-ọkọ́-fún-ará-ọ̀nà,
Tí í fi ọwọ́ họ ebè ara rẹ̀..."

Màmá Alága bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Ó ní, "Hẹn-ẹn." Ó yíjú sí ọ̀dọ́kùnrin onítáì náà, ó ní, "Àwọn nìyẹn. Bí wọ́n ṣe rí nìyẹn." Inú mi dùn. Mo gbé ohùn sókè.

"Ọmọ a-yá-ìkòkò-lódidi, a-dá-ọmọrí-padà..."

"Dúró," ó ní. "Ìkòkò wo?"

"Mà?"

"O ní wọ́n yá ìkòkò, ọmọrí ni wọ́n dá padà. Ìkòkò wo nìyẹn?"

Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ni mí, wọ́n sì ti kọ́ wa pé a kò gbọ́dọ̀ fojú kéré oríkì. Mo ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìkòkò tí àwọn baba ńlá wa kó lójú ogun. Mo ní ọmọrí tí wọ́n dá padà lè jẹ́ àmì pé wọ́n ti bá àwọn aládùúgbò wọn ṣe àlàáfíà. Ọ̀dọ́kùnrin onítáì náà kọ ọ́ sílẹ̀.

Màmá Alága fi ọwọ́ bo ẹnu. "Máa kì í lọ."

"Ọmọ a-kí-wọn-kú-ìnáwó,
A-gbé-ìkòkò-onínàáwó-sá-sódì-odò,
Ọmọ ẹ̀wà ló wà nínú rẹ̀,
Bó bá jinná n ó dá a padà,
Ọmọ ẹ̀wà tí kò tíì jinná láti ìgbà náà..."

Níbi tí mo dé yìí, ohùn mi ń lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Lórí ìwé, mi ò rí i. Nígbà tí mò ń há a sórí, mi ò rí i. Àmọ́ bó ṣe ń ti ẹnu mi jáde níwájú ìjọba, mo gbọ́ ọ. Mo rí odò náà, mo rí ìyá mi tó pọ̀n mí, mo sì rí ohun tó rù sórí.

Màmá Alága ti yọ dígí rẹ̀. Ẹ̀rín ń mi èjìká rẹ̀. Ó lu tábìlì.

"Ta ló kì ọ́?"

"Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Mà."

"Òun àti ìyá rẹ ò rẹ́."

"Wọn ò rẹ́, Mà."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó jọ pé láti ìgbà ìkòkò ni, Mà."

Ẹ̀rín tún pa á sórí tábìlì. Àwọn tó tò sẹ́nu ọ̀nà ti ń yọ orí wọlé wò. Ọ̀dọ́kùnrin onítáì náà ń wo ohun tó kọ nípa àlàáfíà, kò mọ bóyá kó pa á rẹ́. Mo ṣì kúnlẹ̀. Mo ti ń rí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ nílé, àti pátákó dúdú, àti ọ̀gá wa tó ń bọ̀ mí lọ́wọ́.

"Kọ orúkọ rẹ̀," Màmá Alága sọ fún un, ó ń nu ojú. "Kọ ọ́ kíákíá. Oríkì, wọ́n lè ra ìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà níta yẹn ló rà á. Àbí ìwọ á sanwó kí wọ́n bá ọ bú ìyá rẹ láàárín rẹ̀? Ọmọ wa nìyí. Ta ló tún lè ní irú ìyàwó ilé bẹ́ẹ̀ yẹn?"

Bí mo ṣe gba bọ́sárì nìyẹn, mo sì ṣe ìdánwò. Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ náà, mo rìn láti Ìbà dé Òkokomáíkò, mo sì ń kí ènìyàn lójú ọ̀nà, gbogbo wọn. Ó jọ mí lójú pé àwọn kan dá mi lóhùn. Ó lè jẹ́ pé ayọ̀ mi ló ń dá mi lóhùn.

Mo ti ronú lórí ọ̀rọ̀ náà púpọ̀ láti ìgbà náà wá. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ilé ni ibi tí wọ́n ti ń sọ ohun tó dáa nípa ènìyàn. Àwọn ará Ọ̀jọ́ ò bú mi rí, àfi tí mo bá fẹ́ tukọ̀. Wọ́n ṣe mí dáadáa, mo sì jẹ́ àlejò láàárín wọn. Ní ilé tí mi ò gbé rí, obìnrin kan ti ń tọ́jú orúkọ mi àti ẹ̀ṣẹ̀ ìyá mi sójú kan náà, kò jẹ́ kí ìkankan nínú wọn sọ nù.

Nígbà tí mo pe ìyá mi, ó ti wà ní pálọ̀ Bàbá Póòsì láti àárọ̀.

"Ṣé wọ́n gbà á?"

"Wọ́n gbà á, Ìyá mi."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lóhùn tí Ọlọ́run lè gbọ́ láìsí tẹlifóònù. Lẹ́yìn náà ó ní, "Kí ni obìnrin yẹn kì fún ọ?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Aago Màmá Ṣadé lọ díẹ̀.

"Ó sọ ọ́ fún ìjọba?"

"Èmi ni mo sọ ọ́ fún ìjọba, Ìyá mi. Mi ò mọ̀ pé ìyẹn ni."

"Ṣé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Ọkùnrin kan kọ ọ́."

"Kó pa á rẹ́! Sọ fún un pé ìkòkò yẹn ti là kó tó dọ́wọ́ mi. Obìnrin yẹn fúnra rẹ̀ ló là á, lọ́jọ́ tí wọ́n ń sọ ìwọ lórúkọ, ó fi amọ̀ dí i, ó gbé e fún mi. Ẹ̀wà tó ń sọ yẹn, ta ló jẹ ẹ́? Ọkọ rẹ̀ ni..." Màmá Ṣadé kan páákó, ó nàka sí aago. Ìyá mi ò gbọ́. Nígbà tó ṣe, ó mí kanlẹ̀. "Ṣé wọ́n tún máa padà wá, àwọn ènìyàn bọ́sárì yẹn?"

"Lọ́dọọdún ni, Ìyá mi."

"Ó dáa," ó ní.

Nígbà tó di ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n padà wá sí Ìbà lóòótọ́, a sì tún tò sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ń ki ara wọn nínú lọ́hùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn mí, mo wọlé, mo sì fẹ́ kúnlẹ̀. Màmá Alága rí mi, ó fi ọwọ́ dá mi dúró. Ó yọ dígí rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ti àga kan sí mi, ó sì ní kí ọ̀dọ́kùnrin náà gbé kálàmù sílẹ̀ ná.

"Jókòó," ó ní. "Kí ni ìyá rẹ fèsì?"